Ìsọ̀ Aláìsàn Kì Í Ṣe Ìsọ̀ Òkú

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wa ni, ní láìnì àwọn elélùbọ́. A ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, ṣùgbọ́n òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbà pé kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nídìí ọjà rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nínú orí. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ó ti wà nílé báyìí, ó tún ń kọ́ ìrìn, ó tún ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ ṣe bẹbẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, láìnì elélùbọ́ àti láìnì aláta ti dá owó tí ọsibítù kọ́kọ́ béèrè. Àwọn tó lọ kí i kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì ni nǹkan ti yí padà. Ẹsẹ̀ ti dín lọ́nà ilé rẹ̀. Ẹnìkan ti wá bá kọ̀mítì pé kí wọ́n fún òun ní ìsọ̀ náà, pé ó ti ṣófo. Èyí tó wá burú jù ni ti àwọn tó gba ọjà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé àwọn ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ò tíì mókun tó láti dá wọn lóhùn.

Ohun tó jẹ́ ká kọ ìwé yìí nìyẹn. Èrò wa ni pé ìsọ̀ aláìsàn kì í ṣe ìsọ̀ òkú. Ọjọ́ tí dókítà bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé, ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

BÓ ṢE ṢẸLẸ̀

Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ni. Ó ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí kóńgò já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, ọwọ́ kò gbà á. Ìyá tó jókòó tì í bi í pé kí ló dé. Èsì tó fọ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, àfi bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ mọ ọjà wa, ohùn pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n sáré gbé àdí wá kí wọ́n dà á sí i lẹ́nu. Àwọn kan ní wọ́n gbá a létí lójú oorun ni, pé ọ̀dọ̀ wòlíì ni kí wọ́n gbé e lọ. Ẹlòmíì ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn díẹ̀, pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọbìnrin tó ń ta ọ̀rá lódìkejì ló pariwo pé, “Ẹ̀yin ìyá, rọpárọsẹ̀ nìyí o, ọsibítù ló kàn!” Ó wo aago lórí fóònù rẹ̀, ó dá takisí dúró, ó bá wọn wọlé sínú ọkọ̀. Nígbà tí dókítà béèrè pé aago mélòó ló ṣẹlẹ̀, òun nìkan ló rí i sọ. Ọlọ́run á fún ọmọ náà ní tirẹ̀ o.

Ọsibítù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé kò ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, èyí tí wọ́n ń pè ní CT scan. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba tó tóbi jù ú lọ. Àwòrán yẹn ló fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti gbára jọ síbẹ̀, tó ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àfi kí wọ́n ṣí agbárí kí wọ́n gbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà kúrò.

OHUN TÍ RỌPÁRỌSẸ̀ JẸ́

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni àrùn yìí ń bá jà. Inú orí ló ti ń wá o. Oríṣi méjì ló wà. Nínú èkíní, ẹ̀jẹ̀ dídì á lọ dí ojú iṣan, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé apá kan ọpọlọ mọ́, apá yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nínú èkejì, iṣan á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ya sínú ọpọlọ. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ sísọ wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹnu ìyá yìí fi jọ kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Bí a bá fojú lásán wo aláìsàn, a ò lè mọ èyí tó ṣe é nínú méjèèjì. Àwòrán inú orí nìkan ló lè sọ. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń lò ó. Oògùn yẹn kan náà lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní aspirin tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ẹlòmíì kó tó dé ọsibítù. Ẹ má sì da omi, àgbo tàbí àdí sí i lẹ́nu, nítorí ọ̀fun rẹ̀ lè má gbé e mì, kó gba ibi èémí lọ.

Bí nǹkan bá ṣe ẹnìkan lójijì, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò. Ní kó rẹ́rìn-ín: ṣé ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ní kó na ọwọ́ méjèèjì sókè: ṣé ọ̀kan ń já wálẹ̀? Ní kó sọ̀rọ̀: ṣé ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu? Bí ẹ bá rí ẹyọ kan nínú mẹ́ta yìí, ẹ wo aago, ẹ wá ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, inú ọkọ̀ gba àdúrà.

IṢẸ́ ABẸ NÍNÚ ORÍ

Nígbà tí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ abẹ, jìnnìjìnnì bo àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn kan láàárín wa tún dá kún un, wọ́n ní orí tí wọ́n bá ti ṣí, onítọ̀hún ti di wèrè nìyẹn. Irọ́ ni o. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí wọ́n bí ní 1927, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà yege. Ní 1962 ló dé sí UCH n’Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ó di olóògbé ní 1974, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a lọ. Àwọn tó kọ́, àti àwọn tí àwọn yẹn náà kọ́, ṣì ń ṣe é.

A ò ní tan ara wa jẹ: iṣẹ́ tó léwu ni. Ẹlòmíì kì í jí. Ẹlòmíì á jí, ṣùgbọ́n kò ní rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà mìíràn, dókítà á yọ egungun agbárí díẹ̀ sílẹ̀ kí ọpọlọ tó wú lè ráyè, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni wọ́n á tó dí i padà. Bí ẹ bá rí i tí orí ẹnìkan jìn wọnú, ẹ má la ẹnu sílẹ̀ máa wò ó, ẹ má sì jẹ́ kí nǹkan gbá a níbẹ̀. Ìyá tiwa yìí, wọ́n ti dí tirẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó lajú, ó sì tún pẹ́ sí i kó tó dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù.

ILÉ NI IṢẸ́ WÀ

Àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ fún un, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè irú èyí tó lè jẹ. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe, ọ̀fun rẹ̀ lè má tíì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ tó ki ló lè gbé mì, kí omi lásán sì máa fún un lórí. Ẹ gbé e jókòó dáadáa kó tó jẹun. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì méjì kí egbò má bàa dá sí i lára. Ẹ má fi ọwọ́ tó kú fà á dìde, èjìká rẹ̀ lè yẹ̀. Ẹ má sì fi omi gbígbóná jó ẹ̀gbẹ́ tó kú, nítorí ó lè bó lára rẹ̀ kó má mọ̀.

Àwọn tó ń kọ́ ọ ní físíò ní ìdárayá ojoojúmọ́ ni oògùn ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ara máa ń yára padà jù, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó lè máa dára sí i fún ọdún díẹ̀. Ẹ̀ ẹ́ wá rí i pé ìgbà tí a dẹwọ́ gan-an ni ìgbà tó yẹ ká tẹra mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹni tí ọ̀rọ̀ sọnù lẹ́nu rẹ̀ kò sọ ọgbọ́n orí nù. Lóṣù tó kọjá, ọmọ rẹ̀ ń nájà lórí fóònù níwájú rẹ̀, ó pe iye kan tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá náà fi ọwọ́ òsì gbá àga, ó mi orí, ó na ìka mẹ́ta sókè. Ó mọ iye ọjà rẹ̀! Torí náà, bí ẹ bá lọ kí i, ẹ má máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ẹ jókòó síbi tó ti lè rí ojú yín, kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi í ní ohun tó lè fi “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” dáhùn. Ẹ dákẹ́, kí ẹ dúró dè é. Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó lè sunkún láìnídìí, ó sì lè rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Àìsàn náà ni, kì í ṣe ìwà. Ó tètè máa ń rẹ̀ ẹ́. Ìbẹ̀wò ìṣẹ́jú ogún lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sàn ju ti ọ̀sán gbangba tí ogún èèyàn rọ́ wọlé, tí wọn ò sì padà wá mọ́. Ẹni tó wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, tó ti fi ogún ọdún gbọ́ ariwo ọjà, ìdákẹ́jẹ́ nìkan tó láti kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá a. Ẹ máa ro ìròyìn ọjà fún un: iye tí èlùbọ́ Ṣakí ń lọ, ẹni tó bímọ, ẹni tó ra ilẹ̀. Ìyẹn náà oògùn ni.

Ẹ má sì sọ fún un pé kó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ torí pé ara rẹ̀ ti ń yá. Oògùn yẹn wà lára ohun tí kò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌSỌ̀

Ní báyìí, ká wá sọ ojú abẹ níkòó. A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: pé ọjà kì í ṣe ilé àánú, pé àwọn tó ń wá ìsọ̀ pọ̀, pé oníkálukú ló ní ẹrù tirẹ̀ lórí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó wá tọrọ ìsọ̀ náà kò dẹ́ṣẹ̀. Òun náà ní ọmọ tó ń bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Bí a bá gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ìrìn, kí ló ń rìn bọ̀ wá bá? Owó oògùn rẹ̀, owó físíò rẹ̀, owó iléèwé ọmọ rẹ̀, inú ìsọ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Bí ìsọ̀ bá kú, oògùn á dáwọ́ dúró. Bí oògùn bá dáwọ́ dúró, a ti mọ ohun tó kàn. Ìsọ̀ tí a bá sì fi irú ọ̀nà yìí gbà lónìí, ìsọ̀ tèmi tàbí tìrẹ ló kàn lọ́la.

Fún ìdí èyí, ohun tí kọ̀mítì fẹ́ gbé síwájú ìpàdé gbogbogbò nìyí, kí ẹ lọ rò ó dáadáa kí ẹ tó wá:

1. Ìsọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbàtọ́jú kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì fún ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn ọdún kan, a ó jókòó pẹ̀lú òun àti ẹbí rẹ̀. Láìnì rẹ̀ ni yóò máa bá a san owó ìsọ̀.

2. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ṣí ìsọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ọ̀nà oko. Kí àwọn elélùbọ́ máa gbà á fún ara wọn, ẹni méjì lóṣù, láti máa bá a ra ọjà mọ́ tiwọn nígbà tí wọ́n bá lọ sí Ṣakí, ní iye tí àwọn náà rà á, láìfi èrè lé e.

3. Kí ìwé kan wà nínú ìsọ̀ tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rà, ohun tí wọ́n tà àti ohun tó kù sí. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n gbé e lọ bá onílé ọjà kó fojú ara rẹ̀ rí i. Owó ò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́. Kì í ṣe pé a ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n oore tí kò ní ìṣirò ló ń di ìjà lẹ́yìn ọ̀la.

4. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lówó, kó lọ rí akọ̀wé kí ìpàdé tó dé, kó sọ iye rẹ̀ àti bó ṣe máa san án. A ò ní dójú ti ẹnikẹ́ni tó bá wá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ìsọ̀ mọ ẹni tó gbé àpò lọ. Kí ó má di pé a ń pe orúkọ yín. Ẹni tí òun náà jẹ lówó, kó wá, ká jọ fún un ní àkókò.

5. Kí olúkúlùkù wa máa dá ₦200 lọ́sẹ̀ sínú àpótí àìsàn. Kò ní jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá kàn ni yóò jẹ ẹ́.

6. Ọjọ́ tó bá fẹ́ padà, kó padà bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ìdajì ọjọ́ tó. Ká wá àga tó ní ẹ̀yìn fún un, ká fi pákó tó lágbára bo gọ́tà iwájú ìsọ̀ rẹ̀, kí aláàárù sì máa bá a gbé àpò. Oníbàárà tó bá ń kánjú, kó rọra.

ÀWA TÓ KÙ ŃKỌ́?

Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣe tó lé ní 2,000 ni wọ́n fi wé àwọn tí kò ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ikùn ńlá, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, iyọ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ tó ti délẹ̀, ìdààmú ọkàn, àìṣe eré ìdárayá àti sìgá wà níbẹ̀. Ẹ sì wá gbọ́ èyí: àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù déédéé náà wà níbẹ̀! Ẹ̀fọ́ tí a ń tà lọ́wọ́ ara wa yìí o.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ara lè le koko kí ó máa ba iṣan jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá ń wọ 140/90 léraléra, ẹ lọ rí dókítà. A ti ń bá ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa sọ̀rọ̀ kí àwọn nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa lọ́jọ́ ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ ìṣúra ìlera náà tún wà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ wa sì ní tiwọn, bí Ìlera Èkó ti ìpínlẹ̀ Èkó àti OYSHIA ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ béèrè àìsàn tó wà nínú rẹ̀ àti èyí tí kò sí níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Ẹni tó bá dé ọsibítù láìsí owó lọ́wọ́, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ ọpọlọ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ìyá yìí ti bá ọ̀pọ̀ wa kó èlùbọ́ wọlé nígbà òjò, ó ti bá wa ṣọ́ ìsọ̀ nígbà tí a lọ bímọ. Ìsọ̀ tirẹ̀ náà rèé. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣọ́ ọ.

Olódùmarè á wo aláìsàn wa sàn pátápátá. Kò ní fi rọpárọsẹ̀ ṣe ìpín wa. A ò ní ríbi nídìí ọjà. Ọjà á tà, owó á wọlé, ara á le. Àmín o.